Kọ̀ǹpútà Ẹgbẹ́ Wa àti Ooru Ìsàlẹ̀ Èkó

Ọ̀rọ̀ tí alákòóso ẹ̀ka ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé gbogbogbò, fún àwọn tí kò ráyè wá

  

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí kọ̀ǹpútà àtàwọn ọ̀dọ́. Mo ti kọ èyí tó máa dùn mọ́ yín nínú sílẹ̀, bí ọ̀dọ́ ṣe lè jókòó sílé kó máa fi íntánẹ́ẹ̀tì rí owó. Mo ti pa á tì. Ìdí ni pé mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ dá owó ra kọ̀ǹpútà tuntun fún wa, torí pé èyí tó wà ńlẹ̀ "ti bàjẹ́." Kò bàjẹ́. Èmi ni mo lé e kọjá agbára rẹ̀. Ó yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ orúkọ sínú ìwé ìdáwó.

Desktop tokunbọ̀ ni kọ̀ǹpútà náà. Processor tó wà nínú rẹ̀ ni Intel Core i7-8700K, èyí tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2017. Ó ti dàgbà díẹ̀, àmọ́ ó lágbára. Iṣẹ́ tá a tìtorí ẹ̀ rà á ni pé ká máa kó fídíò àdúgbò jọ, ká tún wọn ṣe, ká tọ́jú wọn: ìgbéyàwó, ìsìnkú, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà, àti Èyọ̀ tó jáde ní 20 May 2017 nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkó pé ọdún 50, èyí tí ọ̀pọ̀ yín fi fóònù ká. Ẹ mọ̀ bí nǹkan ṣe ń lọ mọ́ wa lọ́wọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ilojo Bar tó wà ní Tinúbú, láti 1855 ni wọ́n ti kọ́ ọ, ìjọba sì ti kéde rẹ̀ ní 1956 pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o. Fọ́tò nìkan ló kù. Ìdí tí ẹ̀ka ọ̀dọ́ fi gbé iṣẹ́ yìí nìyẹn.

Ìṣòro wa ni pé fídíò máa ń pẹ́ kó tó jáde. Mo ráhùn lórí group. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó wà ní Peckham, ní London, ló dá mi lóhùn pẹ̀lú voice note. Ó ní irú processor wa gan-an lòun náà ń lò, ó ní kí n má ṣe ra nǹkan kan, kí n kàn overclock rẹ̀. Ó fi nọ́ńbà tó yẹ kí n tẹ̀ ránṣẹ́: 5.0 GHz, 1.38 volt.

Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ nítorí àwọn bàbá àti ìyá wa. Processor ló ń ṣe gbogbo ìṣirò inú kọ̀ǹpútà. Ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tó ń tẹ̀ lé ìlù: ìlù dún lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ẹsẹ̀ kan. Nọ́ńbà GHz yẹn ló ń sọ iye ìgbà tí ìlù ń dún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tiwa, 3.7 ni wọ́n kọ sí i lára, ìyẹn bílíọ̀nù mẹ́ta àti mílíọ̀nù 700 ìgbà. Nígbà tí core mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá jọ ń ṣiṣẹ́, ó lè gun 4.3 fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ core kan péré, ó lè dé 4.7. Àwọn tí Intel fi lẹ́tà K sí ìdí orúkọ wọn, wọn ò ti ilẹ̀kùn wọn pa. Èèyàn lè wọ inú BIOS, kó ní kí ìlù máa yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n ń pè ní overclock nìyẹn. Kì í ṣe ìwà ọ̀daràn o, ó sì ti pẹ́ láyé. Ní 1998, àwọn èèyàn mú Celeron 300A tó jẹ́ 300 MHz, wọ́n yí bus rẹ̀ láti 66 sí 100, ó di 450 lójú ẹsẹ̀. Inú wọn dùn dọ́ba.

Ẹ wá wo alábàárù ní Ìdúmọ̀tà. Tẹ́ ẹ bá ní kó máa sáré dípò kó máa rìn, ẹ máa fi kún owó rẹ̀. Owó àfikún yẹn ni voltage. Bó ṣe ń sáré ló ń làágùn, òógùn yẹn sì ni ooru. Bí kò bá sí atẹ́gùn lọ́nà tó ń gbà, ó lè dákú. Kọ̀ǹpútà tó dákú kò dun èèyàn púpọ̀. Á kú fìn-ín, ẹ ó tún un tàn. Èyí tó burú ni kí alábàárù sáré dé ọ̀dọ̀ yín, kó kó ẹrù lé yín lọ́wọ́, kí páálí kan ti jábọ́ lọ́nà, kí òun fúnra rẹ̀ má sì mọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa gan-an nìyẹn.

Ní oṣù December ni mo tẹ nọ́ńbà Peckham sínú BIOS. Agogo mọ́kànlá alẹ́ ni, ọyẹ́ ń fẹ́, fèrèsé ṣí, atẹ́gùn ọ̀sà ń wọlé. Mo tẹ Cinebench fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sí wàhálà. Mo ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà, mo gbé e sórí group, ẹ̀yin náà ń tẹ àtàǹpàkò ránṣẹ́ sí mi. Èmi tí mò ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, orí mi wú.

Nígbà tó di March, àyè tán nínú drive. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo kó fídíò mọ́kànlá jọ, mo fi 7-Zip dì wọ́n pọ̀ sínú fáìlì kan. Fèrèsé wà ní títì nítorí èéfín jẹnẹrétọ̀ àwọn tó wà lábẹ́ wa. Ó parí, kò ké, kò kú. Mo pa àwọn fídíò àkọ́kọ́ rẹ́ kí àyè lè wà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo fẹ́ tú ẹrù náà, ló bá kọ ọ́ sí mi lójú pé "CRC failed." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tó wà nínú fáìlì kò bá àmì tí wọ́n fi sí i nígbà tí wọ́n dì í mu mọ́. Páálí ti jábọ́ lọ́nà.

Mẹ́ta ló bàjẹ́ nínú mọ́kànlá. Méjì wà lórí fóònù àwọn tó ni wọ́n, a tún gbà wọ́n. Ẹ̀kẹta ni ti ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa, tó jókòó fún wa fún wákàtí kan gbáko tó ń sọ bí ọjà Ẹ̀bútè Èrò ṣe rí nígbà tí òun wà lọ́mọge, irú ẹrù tó ń gba ojú omi wọlé, àti orúkọ àwọn tó ń tajà pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Màmá ti papò dà kí n tó mọ̀ pé fídíò náà ti bàjẹ́. Mo gbìyànjú gbogbo ohun tí mo mọ̀. Ìṣẹ́jú 22 àkọ́kọ́ ni mo rí yọ.

Mo lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin nílé, mo sọ fún un. Mo rò pé wọ́n máa bá mi jà. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n wá ní kí n fi ìṣẹ́jú 22 náà ránṣẹ́.

Àtìgbà yẹn ni mo ti ń wádìí ohun tí mo ṣì ṣe. Àkọ́kọ́, fáànù kì í ṣe áńtí otútù. Fáànù àti irin aláwẹ́-aláwẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò lè mú processor tutù ju yàrá tó wà lọ. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé kí wọ́n kó ooru kúrò lára rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́ yàrá. Ẹ̀gbọ́n wa ní Peckham ní tòun kì í ju dígírì 83 lọ bó ti wù kí iṣẹ́ pọ̀ tó. Mo padà bi wọ́n pé báwo ni yàrá yín ṣe rí? Wọ́n ní 18 ni, ìgbà otútù ni. Ẹ yọ 18 kúrò nínú 83, ó ku 65. Yàrá wa lọ́sàn-án March, 33 ni. Ẹ fi 65 lé 33: 98. Bẹ́ẹ̀, fáànù tiwa kò tó tiwọn, paste tó wà láàárín processor àti irin ti gbẹ bí àmàlà àná. Dígírì 100 ni irú processor yìí ti máa ń fa ara rẹ̀ sẹ́yìn kó má baà jóná. Nítorí náà, lọ́sàn-án, 5.0 tí mo ń yangàn lé lórí, kì í dúró sí 5.0. Ó ń gòkè, ó ń já wálẹ̀. Bí ooru bá sì ti pọ̀ tó báyẹn, voltage tó tó o lóru kì í tó o mọ́ lọ́sàn-án, ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé.

Ìkejì ni ìṣirò kan tó yẹ kí n ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, torí pé wọ́n kọ́ wa. Ooru tí processor ń mú jáde ń tẹ̀ lé ìyára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń tẹ̀ lé voltage ní ìlọ́po ara rẹ̀. Ẹ fi 5.0 GHz ní 1.38 volt wé 4.7 GHz ní 1.22 volt. Ìyára fi nǹkan bí ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀. Ooru ńkọ́? Ìdá 36. Ta ló máa bá alábàárù ná irú owó yẹn?

Àwọn tó kọ́ ilé fún wa láyé àtijọ́ mọ ọ̀rọ̀ ooru ju èmi lọ. Ẹ lọ wo àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àgùdà tó ṣẹ́ kù ní Campos àti Pópó Àgùdà: àjà wọn ga, fèrèsé onígi wọn gùn, atẹ́gùn ń ti ọwọ́ iwájú wọlé, ó ń gba ẹ̀yìn jáde. Yàrá tá a gbé kọ̀ǹpútà wa sí, fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, ògiri ẹlòmíì ló sì dojú kọ. Inú àpótí kọ̀ǹpútà náà kò yàtọ̀ sí bẹ́ẹ̀: abẹ́ tábìlì, lórí ilẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri. Ooru tó bá ti ẹ̀yìn jáde tún ń gba iwájú wọlé.

Ohun tá a ṣe nìyí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ní desktop nílé, ẹ fetí sí i. A kọ́kọ́ dá gbogbo nǹkan inú BIOS padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. A gbé àpótí kúrò nílẹ̀, a fún ẹ̀yìn rẹ̀ láyè. A tú u, a fi blower fẹ́ eruku jáde, ẹ ò ní gbàgbọ́ ohun tó jáde níbẹ̀. A nu paste àtijọ́ kúrò, a fi tuntun sí i, tí kò ju ẹ̀wà kan lọ. A ra irin ìtutù tó ga tó ní fáànù méjì, a sì ṣètò àwọn fáànù àpótí kí ti iwájú máa fa atẹ́gùn wọlé, kí tẹ̀yìn máa tì í jáde. Gbogbo èyí, kò tó ìdá mẹ́wàá owó tí mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ dá. Ọ̀pọ̀ yín tó ní HP tàbí Dell ọ́fíìsì tokunbọ̀, tí processor wọn kò ní K, kò sí overclock kankan fún yín, ibí yìí ni iṣẹ́ yín parí sí, ẹ ó sì rí ìyàtọ̀. Àwọn kan máa ń ṣí ìdérí processor fúnra rẹ̀ láti pààrọ̀ paste tó wà nínú rẹ̀. Òótọ́ ni pé ó ń mú un tutù. Ẹ má dán an wò pẹ̀lú nǹkan ẹgbẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn la tó wá fọwọ́ kan voltage, ìsàlẹ̀ la sì kọ́kọ́ lọ. Motherboard máa ń dá fún processor ní voltage tó ju ohun tó nílò lọ kí ó má baà sí ẹ̀sùn. Tiwa ń fún un ní 1.28 fún 4.3 GHz. A ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, a ń dán an wò, nígbà tá a mọ ibi tí agbára rẹ̀ dé, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìyára sókè ní 100 MHz, 100 MHz. Ní 4.7 lórí core mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, 1.20 volt yege lóru mọ́jú. A tún un dán wò ní agogo méjì ọ̀sán pẹ̀lú fèrèsé ní títì, ó kùnà láàárín ìṣẹ́jú 40. A gbé e dé 1.22, ó yege lóru, ó yege lọ́sàn-án, a sì fi sílẹ̀ síbẹ̀. Ibi tó gbóná jù tó dé ni dígírì 78. Kò sí processor méjì tó rí bákan náà, kódà bí orúkọ wọn bá jẹ́ ọ̀kan, nítorí náà ẹ má ṣe da nọ́ńbà mi kọ bí èmi ṣe da ti Peckham kọ.

Nípa ìdánwò, ìṣẹ́jú mẹ́wàá Cinebench kò tó nǹkan kan. OCCT tàbí Prime95 fún wákàtí púpọ̀, MemTest86 fún memory, pàápàá tẹ́ ẹ bá ti tan XMP, torí pé òun náà jẹ́ lílé kọjá ààlà. Ẹ ṣí HWiNFO sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa wo ooru, kẹ́ ẹ sì wo ìsàlẹ̀ níbi tó ti ń ka àṣìṣe WHEA. Bí ẹyọ kan péré bá wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà náà kò dúró, bó bá tiẹ̀ ń ṣe eré géèmù yín láìkú. Kẹ́ ẹ sì dán an wò lórí iná tẹ́ ẹ máa ń lò. Tiwa kò ní ìyọnu lórí inverter. Lórí jẹnẹrétọ̀ kékeré I-pass-my-neighbour, tàbí lọ́jọ́ tí NEPA bá gbé half current wá, ó kú nígbà méjì láìjẹ́ ẹ̀bi processor.

Tẹ́ ẹ bá béèrè bóyá ó yára, fídíò wákàtí kan tó ń gba ìṣẹ́jú 41 lọ́sàn-án nígbà tó wà ní "5.0," ìṣẹ́jú 37 ló ń gbà báyìí. HWiNFO sọ pé 163 watt ni processor ń jẹ tẹ́lẹ̀, 120 ló ń jẹ báyìí. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n ti gbé owó iná Band A láti náírà 68 dé 225 lórí yúníìtì kan, kò sí ẹni tó máa sọ pé 43 watt kéré, pàápàá bó bá jẹ́ bátìrì inverter ló ń gbé e.

Mo mọ̀ pé àwọn àbúrò kan ti ń rẹ́rìn-ín sí 4.7 mi. Ẹ ti wò ó lórí YouTube, níbi tí wọ́n ti gbé Core i9-13900K kọjá 9 GHz ní December 2022. Helium olómi ni wọ́n dà lé e lórí, ó sì dúró fún ìgbà díẹ̀ tí wọ́n fi ya fọ́tò. Ta ló fẹ́ fi ìyẹn tọ́jú ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀?

Èyí ló mú mi dé ọ̀rọ̀ owó. Mo gbọ́ pé Core i9 ìran 13 tàbí 14 ni wọ́n ń dárúkọ. Ní 2024, Intel fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé àwọn kan nínú ìran méjèèjì yẹn ń gba voltage tó pọ̀ jù, wọ́n sì ń bàjẹ́ nínú, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni overclock wọn. Wọ́n gbé àtúnṣe jáde ní oṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n fi ọdún méjì kún wáráǹtì. Èyí tó bá ti bàjẹ́, àtúnṣe yẹn kò lè jí i. Ẹni tó bá fẹ́ ra tokunbọ̀ irú rẹ̀, kò lè fojú wo lára mọ bóyá ó ti bàjẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ní i nílé, ẹ sọ fún ọmọ yín kó bá yín ṣe BIOS update lónìí.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ ẹ̀ka ọ̀dọ́ ni pé kẹ́ ẹ má ra kọ̀ǹpútà. Ẹ ra UPS tó dáa kan, àti drive àjòjì méjì, kí ọ̀kan máa gbé ní gbọ̀ngàn, kí èkejì máa gbé ní ilé Màmá Akápò. Àwa náà ti gbé òfin kan kalẹ̀ fún ara wa: a ò ní pa fídíò kankan rẹ́ títí a ó fi tẹ Test nínú 7-Zip, tí a ó sì tú ẹrù náà wò lórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Bí owó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi ṣe owó mọ́tò àti ìpápánu fún àwọn ọmọ tó máa tún gbé kámẹ́rà lọ bá àwọn àgbà. Mo ti kọ orúkọ àgbà mẹ́sàn-án sílẹ̀ tí ọjọ́ orí wọn ti ju 80 lọ. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ la fẹ́ bẹ̀rẹ̀, láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹni tó bá ní bàbá tàbí ìyá tí orúkọ wọn kò sí nínú rẹ̀, kó kọ ọ́ sí mi lórí group.

Ìṣẹ́jú 22 ti Màmá wà lórí kọ̀ǹpútà tó wà níwájú yín yìí, mo sì ti gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọn. Tí Bàbá Alága bá gbà bẹ́ẹ̀, màá tẹ̀ ẹ́ báyìí kẹ́ ẹ gbọ́ ọ.